Ìjàpá Bàbá mi: bí a ṣe gé ìpẹtà kúrò lára Volkswagen ọdún 1975

Oṣù kọkànlá, Sátidé àkọ́kọ́

Lónìí la ti Ìjàpá jáde kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà níbẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́lété n'Ìbàdàn, tí ewé ń wọ́ lé e lórí, tí òjò ń pa á, tí adìyẹ Ìyá Ìbejì ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rì sínú ilẹ̀ débi pé ṣọ́bìrì la fi wú wọn jáde. Àwa mẹ́rin la tì í: èmi, Kọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti ọmọkùnrin méjì láti ojúlé kejì. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò wá. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ọkọ̀ fi ṣí kúrò lójú kan, ìgbà náà ni wọ́n tó ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ ti fẹ́ńdà ẹ̀yìn yẹn o. Ọwọ́ wọn á wọlé."

Kọ́lá ti gbé ọwọ́ lé e ná. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú irin bí ẹni ki ọwọ́ bọ inú àkàrà.

Ọdún 1975 ni Bàbá ra ọkọ̀ yìí. Olùkọ́ ni wọ́n, owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà. Òun ni wọ́n fi san àsansílẹ̀, wọ́n wá ń san ìyókù lóṣooṣù. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ, tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ń ti Bràsíl wá. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìbàdàn ṣì wà. 1976 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Inú Ìjàpá ni wọ́n fi gbé mi wálé láti ilé ìgbẹ̀bí. Òun náà ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé màá tún un ṣe, ọdún sì ń lọ. Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí. N ò fẹ́ sọ ọ́ mọ́, mo fẹ́ ṣe é.

Sátidé kejì

N ò tíì tú nǹkan kan. Mo mú òòlù kékeré kan, mo ń kan ara ọkọ̀ káàkiri, mo ń tẹ́tí sí i. Irin tó ṣì ní láárí á dún kan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún pẹ̀, kò ní dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò àtijọ́ kan, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà ara ọkọ̀, mo sì ń fi í wọ́ ara irin. Ibi tó bá ti já bọ́, pọ́tì, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀, ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ó já bọ́ níbi tó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló burú jù. Ibẹ̀ ni bátìrì máa ń wà nínú Ìjàpá, ásíìdì rẹ̀ sì ti ń kán sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Mo fi sùkúrú-díráfà họ ibẹ̀. Pọ́tì tó nípọn tó ìka méjì ṣí kúrò ní odindi bí èèpo igi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bá àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ká, tí wọ́n fi dí ihò. Kò sí irin rárá. Orí ìwé àti pọ́tì ni àwa ọmọ ń jókòó sí tí a fi ń lọ sí iléèwé.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn gba owó pípé lọ́wọ́ Bàbá. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi gidigidi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí nílé gbọ́: pọ́tì kì í wo ìpẹtà. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ìpẹtà fi ń jẹ irin. Pọ́tì máa ń fa omi mu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sé e mọ́ ara irin níbi tí oòrùn ò lè dé láti gbẹ ẹ́. Bí ojú ọkọ̀ bá ti ń dán níta, ẹni tó ni ín á gbà pé ó ti san, ìpẹtà á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ibẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Àyè pọ́tì wà, mo gbà. Ibi tó bá tẹ̀ díẹ̀ lára irin tó yè ni. Ohun tí kò bá ní irin lẹ́yìn, irin ni kí ẹ fi dí i.

Mo kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì: gé e títí dé ibi tó ń dán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e

Bóòtù la fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bá jà. Àwọn tó so bọ́dì mọ́ férémù lé ní ogún, sípánà 13 ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, 17 ló gba ìyókù. Mo po kẹrosíìnì mọ́ bíréèkì fúlúdì, mo ń fi ín rin wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ iléèwé, àti lálẹ́ bí mo bá dé. Èyí tó bá fẹ́ tú, ẹ má fi agbára fà á lọ sí apá kan ṣoṣo: ẹ yí i síwájú díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún yí i. Méje ló kán lọ́wọ́ wa. Àwọn tó yè, mo rẹ wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì, ìpẹtà ara wọn sì bọ́ lulẹ̀ nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ wọ́n.

Kọ́lá ló họ ọ̀dà dúdú tí wọ́n tẹ́ sínú ọkọ̀ látilẹ̀wá kí ariwo má baà pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Ẹ má fo iṣẹ́ yìí o; bí iná gáàsì bá kan ọ̀dà yẹn, yóò gbiná, èéfín rẹ̀ kò sì ṣeé fà símú.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ ìsinmi kan

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkọ̀ náà jẹ́ pátápátá.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, irin oníhò gbọọrọ kan wà tó dà bí páìpù oníhà mẹ́rin. Àwọn ará ìlú òtútù ló ṣe é kí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì lè gba ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ awakọ̀. Kò sí ẹni tó ń wá irú ooru bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn, torí náà ojú ohun tí kò wúlò ni mo fi wò ó. N ò mọ̀ pé òun gan-an ni egungun ìhà ọkọ̀: òun ló gbé òpó ilẹ̀kùn méjèèjì dúró.

Ti apá òsì ti jẹrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo tan mọṣíìnì fáílíǹ, mo gé e kúrò láìdúró. Bí mo ṣe ń gé ìwọ̀n ìka mẹ́ta tó kẹ́yìn, mo gbọ́ tí nǹkan dún kẹ̀ẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi bá fẹ́ ya. Kọ́lá ní, "Àǹtí, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́."

Mo wò ó. Àárín ọkọ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀, òpó méjèèjì sì ti tẹ̀ síra wọn lókè. Àlàfo orí ilẹ̀kùn tó ń gba owó ẹyọ méjì láàárọ̀ kò gba bébà mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku irin. Bàbá rí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Lọ pe Bàbá Ṣíjú."

Òṣìṣẹ́ panẹ́ẹ̀bítà ni Bàbá Ṣíjú ní Òkè-Àdó, láti ìgbà tí Ìjàpá kún ojú títì n'Ìbàdàn ni wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì mí kanlẹ̀. "Ìyá Tọ́lá, ẹ̀ ń yọ òpó ilé, ẹ ò kọ́kọ́ fi igi ti òrùlé?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ ni."

"Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ẹ wá okùn wá."

Ohun tí wọ́n fi okùn yẹn ṣe ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí kò gba owó kankan. Apá ọ̀tún ọkọ̀ kò tíì yẹ̀. Wọ́n na okùn láti igun òkè ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀tún lọ sí igun ìsàlẹ̀ tó kọjú sí i, wọ́n ta kókó kan. Wọ́n tún na án ní ìdàkejì, wọ́n ta kókó mìíràn. Wọ́n wá gbé okùn náà lọ sí apá òsì. Kókó kan kọjá igun, èkejì kò dé e: bí òpó ṣe yẹ̀ tó nìyẹn, ó hàn kedere lójú. Wọ́n ki jáàkì onígò sábẹ́ àárín ọkọ̀, wọ́n tẹ́ pátákó líle lé e lórí kó má baà lu irin, wọ́n ń gbé e sókè ní díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fa ọwọ́ jáàkì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún na okùn. Ó gbà tó wákàtí kan kí kókó méjèèjì tó bọ́ sójú igun. Ìgbà náà ni wọ́n tó jó irin ángù mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn lágbèélébùú, láti òpó iwájú sí òpó ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe ti apá ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn wò kí wọ́n tó jó o pa. Ó pa dé.

"Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan," ni wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń lọ. "Bí ẹ ò bá tíì parí òsì, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀tún. Ẹ má sì gbé bọ́dì kúrò lórí férémù o, férémù yẹn ló ń mú un dúró gún."

Oṣù kejìlá, ìparí

A ra páànù géèjì 18 fún ilẹ̀ ọkọ̀, ó nípọn tó mìlímítà 1.2. Mo gé e bí ìwé tí mo fi wọn ilẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ṣe rí, mo tẹ́ ẹ, mo sì gun orí rẹ̀ wò. Ó dún gbì, ó rọ̀, ó tún ta padà bí awọ ìlù tí wọn ò fà le. Bàbá Ṣíjú ní kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìjàpá ní ìlà gígùn gígùn tí wọ́n tẹ̀ sínú irin. Ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń jẹ́ kí páànù tó fẹ́lẹ́ gbé èèyàn mẹ́rin.

Kò sí mọṣíìnì tó lè tẹ ìlà nílé wa. Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra ìrókò gígé kan tó gbẹ dáadáa. Káfíńtà àdúgbò wa gbẹ́ ihò gbọọrọ sí i, ó gbẹ́ ìkejì rẹ̀ ní ṣóńṣó tó ń wọ inú ihò náà. A tẹ́ páànù sáàárín wọn, a ń fi òòlù ńlá lù ú láti àárín lọ sí etí, a kì í lu ojú kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Kékeré ni mí tí ìyá àgbà ti máa ń ki ìjàpá inú àlọ́ fún wa ní "Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ìlà mẹ́fà la tẹ̀ sí páànù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo tún gun orí rẹ̀, kò dún mọ́.

Ọjọ́ tí a jó o, a ti yọ táǹkì epo kúrò níwájú ọkọ̀, a gbé e lọ sí òdìkejì ilé, a to korobá iyanrìn mẹ́ta àti àpò tútù sítòsí. Gáàsì kábáádì ni Bàbá Ṣíjú ń lò. Wọ́n ju òkúta kábáádì sínú omi nínú sìlíńdà wọn, ó ń hó, ó sì ń rùn bí aáyù. Wọn ò jó páànù lọ gbọọrọ. Wọ́n á kán an níhìn-ín, wọ́n á fo ìwọ̀n ọwọ́ kan, wọ́n á tún kán an lọ́hùn-ún, wọ́n á fi àkísà tútù nù ún, wọ́n á padà wá kán àárín. Bí ooru bá pọ̀ jù lójú kan, páànù á ká, kò sì ní tẹ́ mọ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe apá òsì, pẹ̀lú egungun ìhà tuntun tí a tẹ̀ láti ara páànù kan náà. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni ti ọ̀tún.

Oṣù kìíní

Ibi tí irin tuntun ti pàdé ti àtijọ́, mo fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì pa á. Ó sọ ìyókù ìpẹtà di dúdú, irin á wá ṣeé kùn. Lẹ́yìn náà, mo kun rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì, ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà, lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó fi síìlà dí gbogbo ojú ìpàdé. Inú egungun ìhà ni búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Bàbá ní kọ́ńdẹ̀mù ọ́ìlì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, ni àwọn máa ń dà síbẹ̀ láyé ọjọ́un kí òjò tó dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é lọ́nà mìíràn: kọ́ńdẹ̀mù á máa kán sílẹ̀, kànga wa ò sì jìnnà. Mo yọ́ àbẹ́là pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tuntun lórí iná eléèédú tó rọlẹ̀, mo fi sírínjì ńlá fọ́n ọn wọlé nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó dì mọ́ ara irin nínú. Mo sì fi wáyà la gbogbo ihò kékeré tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdajì ìpẹtà ọkọ̀ yìí, ihò tí eruku dí ló fà á.

Ọ̀dà: àwọ̀ aró tó ti ṣá ni. Abẹ́ ìdérí fíúùsì la ti rí àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé rí, òun la gbé lọ fún ẹni tó bá wa po ọ̀dà. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí a fọ́n ọn. A da omi sí gbogbo ilẹ̀ gáréèjì kí eruku má baà dìde.

Oṣù kejì

Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíà. Èmi àti Kọ́lá gbé e wálẹ̀ lórí jáàkì ní ààbọ̀ wákàtí. N ò ní sọ púpọ̀ nípa inú rẹ̀: àlàfo fáàfù 0.15 mìlímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀, iná plọ́ọ̀gì sì ń tẹ̀lé ara wọn ní 1, 4, 3, 2.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí, kò ní omi. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti òkè, ó ń fẹ́ ẹ gba ara sìlíńdà, èyí tó ti gbóná á sì jáde sísàlẹ̀. Páànù àti rọ́bà etí rẹ̀ ló ń ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ wọ́n dànù pé wọ́n ń dí àwọn lọ́wọ́, tí ẹ́ńjìnnì á wá máa fa ooru ara rẹ̀ padà sínú. Tí ọkọ̀ bá kú sójú títì lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò lè gba oòrùn ilẹ̀ wa. Irọ́ ni. Ẹ tò wọ́n padà, kó pé, kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Arárọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate, ni mo ti rí mẹ́ta nínú wọn, tọkunbọ̀, pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Ẹ̀yà ara Ìjàpá kò tíì tán lọ́jà, torí Bràsíl ṣì ń ṣe é títí di 1996, Mẹ́síkò sì ṣe é títí di 2003. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà tó ń gbé epo. Mo ká ọ̀kan tí wọ́n tà fún mi ní Gate lọ́wọ́, ó sán lójú mi, ayédèrú ni. Òkè ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni rọ́bà yẹn ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó jóná, ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Mo dá a padà, mo ra èyí tó dára ní ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀, mo sì fi kílíìpù tuntun dè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù, ó jí. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún jí, ó sì ń ké tìrìrìrì bó ṣe máa ń ké nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá dìde lórí àga láìmú ọ̀pá. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé wọn gba Òkè-Àdó lọ sí Òkè-Bọ̀là, a kọjá Dùgbẹ̀, a dé Mọ́kọ́lá. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù jálẹ̀ ọ̀nà.

Oṣù kẹta, ọjọ́ Wẹ́sìdeè

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru àná, tàpá tìjàǹbá. N ò sùn dáadáa. Ní ìdájí, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sókè. Mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí àpò sìmẹ́ńtì wà. Ó gbẹ. Mo fi ọwọ́ tọ egungun ìhà méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó gbẹ.

Níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni mo ti bá omi, kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Mo tọ ipa rẹ̀ sókè: ó ti igun ìsàlẹ̀ rọ́bà gíláàsì iwájú wá, lápá òsì, níbi tí rọ́bà ti súnkì. Mo nù ún gbẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ po. Bí iléèwé bá jáde lọ́sàn-án yìí, màá kọjá sí Gate lọ wá rọ́bà tuntun.